Kí A Tó Fi Ọmọkùnrin Lé Ilé Àtúnṣe Lọ́wọ́

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 1:20–28, 2:12–26

Ẹ̀kọ́ wa lẹ́ẹ̀kẹta yìí wá láti inú ìbéèrè kan tí àwọn ìyá ti bi wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n á fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹlòmíràn má baà gbọ́, wọ́n á ní: "Màmá, ọmọ yìí ti ju agbára mi lọ. Wọ́n ní ilé kan wà tí wọ́n ti ń tún irú wọn ṣe. Ṣé kí n mú un lọ ni?"

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ajah tí a ń gbé yìí kì í ṣe ibi tó rọrùn láti tọ́ ọmọkùnrin. Ìyá mìíràn ti jáde nílé ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ nítorí gósíló ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́, kò sì ní wọlé padà títí di agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Láti agogo méjì tí ilé-ìwé ti parí, ta ni ọmọ náà ń bá sọ̀rọ̀? Àwọn tó wà ní ìdíkọ̀ ni. Àwọn tí ń tẹ̀ lé ọmọ onílẹ̀ kiri ni. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn tí ń fi owó àti fóònù tan ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Oògùn olóró náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ìwádìí tí àjọ UNODC bá ìjọba wa ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà, àwọn tó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan tó mílíọ̀nù 14.3. Ní Èkó nìkan, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìyẹn jẹ́ bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta, a kò sì tíì ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tí ọmọ rẹ̀ yà bàrá, ẹ má ṣe sáré sọ pé kò tọ́ ọ dáadáa. Ẹni tí ọmọ tó bí kò tíì gbé jẹnẹrétọ̀ ilé tà, tí ọlọ́pàá kò sì tíì kanlẹ̀kùn fún ní òru, kí ó fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run, kí ó sì panu mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti òní. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà dé Èkó ní ọdún 1920, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ní ilé kan ní Yábàá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ sí òfin ní iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà ogun Hitler, Èkó kún fún àwọn ọmọ tí ń sùn sábẹ́ ìsọ̀ ní ọjà. Àwọn tí ń jalè nínú wọn ni wọ́n ń pè ní jágùdà. Àwọn tí ń fọ̀nà hàn àwọn atukọ̀ òyìnbó lọ sí ilé ọtí àti ilé aṣẹ́wó ni wọ́n ń pè ní bóómà. Ní 1941 ni ìjọba yan Donald Faulkner ṣe ọ̀gá wẹ́fíà ní Èkó nítorí wọn. Ní 1943, òfin tó dá kóòtù àwọn ọmọdé sílẹ̀ jáde. Ohun kan wà nínú òfin yẹn tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ títí di òní. Ó fún bàbá tàbí ìyá láàyè láti dúró níwájú kóòtù fúnra rẹ̀, kí ó sọ pé apá òun kò ká ọmọ òun mọ́, bí ọmọ náà kò tilẹ̀ tíì jí ohunkóhun. Ìyẹn ni pé ó ti tó ọgọ́rin ọdún tí òfin ti mọ irú ìyá tí ń fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn yìí.

Òfin tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà báyìí ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé. Ìjọba àpapọ̀ ṣe é ní 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Lójú òfin yìí, ọmọdé ni ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18. Kóòtù kò gbọdọ̀ rán ọmọdé lọ sí ẹ̀wọ̀n, kò sì gbọdọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n nà án ní ẹgba. Òfin 2003 náà sọ ọ́ gbangba pé fífi ọmọ sí ilé ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a óò ṣe kẹ́yìn, nígbà tí a bá ti gbìyànjú ọ̀nà gbogbo. Ilé ìjọba Èkó fún irú àwọn ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ wà ní Oregun àti ní Isheri. Ti àwọn ọmọbìnrin wà ní Ìdí-Àràbà. Ìjọba àpapọ̀ náà ní tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Borstal, ní Kaduna, ní Ìlọrin, àti ní Adígbẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Àwọn ọmọkùnrin ọdún 16 sí 21 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, kóòtù ló ń rán wọn lọ, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ. Ilé-ìwé wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ sì wà. Àwọn ọmọ kan ti ibẹ̀ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá.

A kò sọ pé ilé ìjọba kò lábùkù. Owó kì í tó wọn, ọmọ á pọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Kí ọmọ tó wọlé, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé kóòtù, ọjọ́ tí yóò jáde sì wà nínú ìwé náà. Bí ohun kan bá ṣe é, ẹnì kan wà tí a lè pè kó wá ṣàlàyé. Àwọn ìyá ń sá fún "rímáàndì" nítorí pé orúkọ náà ń dójú tini. Wọ́n á wá lọ fi ọmọ fún "rìháàbù" aládàáni tí orúkọ rẹ̀ dùn létí, tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọmọ náà wà níbẹ̀ àyàfi ẹni tó gba owó.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2019. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa ní Kaduna tí wọ́n ń pè ní ilé kéwú àti ilé àtúnṣe. Wọ́n bá àwọn ọkùnrin àti ọmọkùnrin tó lé ní 300 níbẹ̀, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ojú ẹgba sì wà lẹ́yìn wọn. Àwọn òbí sáré dé, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní àwọn máa ń wá wo ọmọ àwọn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìta ni wọ́n ti ń mú un wá bá àwọn. Wọn kò jẹ́ kí àwọn wọ inú ilé rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá, ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Òjóò ní Ìbàdàn, nílẹ̀ Yorùbá wa níbí. Àwọn kan nínú wọn rù kan egungun. Àwọn ẹbí ló fi ọwọ́ ara wọn mú púpọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí nìyẹn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 kan náà, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí àwọn tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà nítorí àìsàn ọpọlọ. Ilé ìwòsàn ìjọba, ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ilé kéwú àti ilé àdúrà àwa Kristẹni, gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ilé-ẹ̀kọ́ onílé gbígbé kan fún àwọn ọmọkùnrin alágídí, Agape ní ìpínlẹ̀ Missouri, tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2023 lẹ́yìn tí àwọn tó ti gbé ibẹ̀ rí sọ ìyà tí wọ́n jẹ. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2024, ìjọba wọn ṣe òfin tuntun nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wà níbi tí ojú kò ti tó o lè di ìkà, ì báà gbé Bíbélì lọ́wọ́, ì báà gbé Kùránì.

Níbí ni ẹ̀kọ́ Bíbélì wa ti wọlé. Gbogbo wa la mọ Hánà, a sì máa ń yìn ín pé ó fi ọmọ rẹ̀ fún Olúwa. Ṣùgbọ́n bí a bá ka orí kejì dáadáa, a óò rí i pé ilé tí Hánà fi Sámúẹ́lì sí ní Ṣílò kì í ṣe ilé tó mọ́ rárá. Àwọn ọmọ Élì, Hófínì àti Fíníhásì, ń jí ẹran ẹbọ, wọ́n sì ń bá àwọn obìnrin ṣe ìṣekúṣe ní ẹnu ọ̀nà àgọ́. Bàbá wọn ti gbó, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló fi ń bá wọn wí. Inú irú ilé yẹn ni ọmọ kékeré wà. Kí ni Hánà ṣe? Lọ́dọọdún ló ń rán ẹ̀wù àwọ̀lékè kékeré kan, tó sì ń gbé e lọ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ nínú wa, ẹ bá wa rò ó wò. Kí ẹ̀wù tó lè bá ọmọ mu, ìyá gbọ́dọ̀ mọ bó ti ga tó lọ́dún yẹn. Ó gbọ́dọ̀ fojú wọn èjìká rẹ̀. Bí ọmọ náà bá rù, yóò rí i. Bí ojú ẹgba bá wà lára rẹ̀, nígbà tó bá ń wọ ẹ̀wù fún un, yóò rí i. Bí ojú ìyá bá ń dé ibì kan lọ́dọọdún, ilé náà mọ̀ pé ọmọ yìí lẹ́ni.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ìyẹn lọ. Ilé tó yẹ kí a fi ọmọ sí ni ilé tó bá jẹ́ kí ìyá wọlé.

Dókítà ọmọ Yorùbá kan ti fi èyí han gbogbo ayé. Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò l'Ábẹ́òkúta. Dípò kí ó ti àwọn tí orí wọn dàrú mọ́lé, ó bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà níbẹ̀: aláìsàn kò lè dá wá. Ó kéré tán, ìbátan rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa sè fún un, kí ó máa bá a lọ gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, kí ó sì bá a padà sílé. Àwọn dókítà òyìnbó wá láti ọ̀nà jíjìn wá wo ètò yìí. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí Lambo tọ́jú, ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà kò bá lè dá gbọ́ tirẹ̀, mélòó mélòó ni ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá júwe ilé kan fún yín, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye owó. Ẹ lọ síbẹ̀ láìsọ fún wọn ṣáájú. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí ibi tí àwọn ọmọ ń sùn, ilé ìdáná, àti ilé ìgbẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó sí ọ́fíìsì, kí wọ́n lọ mú ọmọ kan wá fún yín, ẹ rántí Rigasa. Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ tí ìjọba ìpínlẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì kà á, nítorí ìwé ìforúkọsílẹ̀ okòwò kì í ṣe ìwé àṣẹ láti tọ́jú ọmọ. Ẹ bèèrè orúkọ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó ń wá síbẹ̀, àti oògùn tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ọmọ bá ṣàìgbọràn. Ilé tó bá dá yín lóhùn pé kí ẹ má ṣèyọnu, àwọn mọ bí àwọn ṣe ń ṣe é, ẹ kúrò níbẹ̀. Ilé tó bá ní ìyá kò gbọdọ̀ yọjú fún oṣù mẹ́ta, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní òun yóò rán àwọn ọkùnrin wá dì í lókùn ní òru, ẹ lé e jáde nílé yín.

Àwa tí a jẹ́ tísà fẹ́ fi ọ̀kan kún un, torí pé àwọn òbí kì í sábà bèèrè rẹ̀. Ẹ bèèrè ẹni tí ń kọ́ wọn níwèé. Ó ti yé wa láti inú kíláàsì pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin tí ń sá nílé-ìwé kò sá nítorí ọ̀lẹ. Wọn kò mọ ìwé kà ni. Wọ́n ti dé JSS2 tàbí JSS3, wọn kò lè ka ojú ìwé kan já, ojú sì ń tì wọ́n níwájú àwọn ọmọbìnrin. Kàkà kí wọ́n fi ẹni tí kò mọ̀wé hàn, wọ́n á yàn láti jẹ́ ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù. Bí ilé àtúnṣe bá fi oṣù mẹ́sàn-án gbàdúrà lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí, tó sì ní kó máa gé koríko, tí kò sí ẹni tó jókòó tì í láti ibi tí ìwé kíkà ti sú u, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò padà sí. Tísà kan tó ní sùúrù wúlò níbẹ̀ ju ẹ̀ṣọ́ mẹ́wàá lọ.

Ṣùgbọ́n ìdí wo la fi ń sáré dé ọ̀rọ̀ ilé? Àwọn ibòmíràn wà tí a kọ́kọ́ lè yà sí, tí ọmọ á lọ, tí á sì padà wá sùn nílé. Ẹ lè mú un lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ìjọba ìpínlẹ̀, wọn yóò pe bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dé kóòtù. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ní ẹ̀ka kan ní Oshòdì tó wà fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Bó bá jẹ́ ti igbó, kódíìnì tàbí tramadol, àjọ NDLEA ní nọ́ńbà tí a kì í sanwó pè, 0800 1020 3040, àwọn tó sì ń gbé e jẹ́ ẹni tí a kọ́ láti gbani nímọ̀ràn. Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé bí àwọn bá pe NDLEA, wọn yóò wá gbé ọmọ lọ sẹ́wọ̀n. Ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú ni nọ́ńbà yẹn wà fún.

Bó bá wá di dandan kí ó lọ, ẹ sọ òótọ́ fún un. A mọ̀ pé èyí le. Àwọn ará wa tó wà ní ìlú ọba náà ń kojú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn òbí kan ní London tí ẹ̀rù ń bà pé ọmọkùnrin wọn fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́bẹ sọ fún un pé wọ́n ń lọ kí ìbátan kan tó ń ṣàìsàn ní Gánà. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, wọ́n fi í sí ilé-ìwé onílé gbígbé, wọ́n padà sílé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá náà wá agbẹjọ́rò, ó pe àwọn òbí rẹ̀ lẹ́jọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2025, adájọ́ gbà pé ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, ó sì fi ọmọ sílẹ̀ ní Gánà. Ní oṣù kẹfà, kóòtù tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. A kò dá àwọn òbí yẹn lẹ́bi pé wọ́n bẹ̀rù ọ̀bẹ. Irọ́ ìbátan tó ń ṣàìsàn yẹn ló dùn wá. Lọ́jọ́ tí ìbátan bá ṣàìsàn lóòótọ́, ta ni yóò gbà wọ́n gbọ́?

Ọ̀rọ̀ kù lórí ọjọ́ tí ọmọ bá padà. Ibi tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa wà gan-an nìyí, àwa la sì máa ń sùn lé e. Ọmọ lo ọdún kan, ó kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tàbí wẹ́dà, ó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ajah pẹ̀lú àpò kan. Àwọn wo ló kọ́kọ́ pàdé? Àwọn tó fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni, wọn kò sì gbàgbé orúkọ rẹ̀. Bó bá dé ìjọ, àwọn ìyá á fa àpò wọn mọ́ra. Ọ̀sẹ̀ méjì kò ní pé tí yóò fi mọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ràn òun. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì kì í ṣòro fún wa, ọwọ́ ọ̀tún ni a ń wá.

Ẹ wo ohun tó wà níkàáwọ́ wa. Láti Ajah dé Isheri kì í ṣe ọkọ̀ kan, Abẹ́òkúta tilẹ̀ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ kò lè máa lọ lóṣooṣù láìjẹ́ pé ẹnì kan bá a ṣọ́ ọjà rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì bá a fi nǹkan kún owó ọkọ̀. Ó pọn dandan kí ẹnì kan bá a lọ pẹ̀lú, kó má baà dá sunkún nínú ọkọ̀ bó bá ń bọ̀. A ní télọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, a ní aya mẹkáníìkì, a ní ẹni tó ní ilé búrẹ́dì. Oṣù mẹ́ta kí ọmọ tó jáde ló yẹ kí a ti bá ọ̀gá kan sọ ọ́ pé yóò gbà á, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti padà sí ìdíkọ̀.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé: Ìyá mélòó nínú wa ni a mọ̀ pé ọmọkùnrin rẹ̀ kò sí nílé, tí ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè ibi tó wà? Ta ni yóò lọ bá a, láìjẹ́ kí ó dà bí ọlọ́pàá? Nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí a mọ̀ láti Badore dé Sangotedo, ta ni yóò gba ọmọ tó ti Oregun dé ṣe ọmọ iṣẹ́, kí sì ni yóò fẹ́ kí a bá òun dúró lé lórí? Kí akọ̀wé kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí ìpàdé tó túká.